Ọrún Igi Ọsàn

2 Oṣù Kọkànlá 2024, Sátidé

Ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n iṣẹ́ ni mo ń kọ èyí sí, níbi tí kò sí ìwọ̀n kọ́bọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni.

Àmínát yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yìí, kò jókòó. Ó ní ẹni tí ó ni ọrún tí òun fi ń ta ọfà láti ọdún mẹ́ta ti ń lọ sí Kánádà, ó sì ti gba nǹkan rẹ̀. Ìdánwò àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ di ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì. Ẹni tí kò bá mú ọrún tirẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọ̀wọ́ ọrún onígi ni ó wà: igi kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ sí gọ́ọ̀mù, kò gbọdọ̀ sí irin, kò gbọdọ̀ sí àlẹ̀mọ́.

Mo ní màá ṣe é. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọjọ́ fún mi o."

Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Ó wà ní pírámárì kẹrin nígbà tí mo ṣèlérí tábìlì ìkàwé fún un. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni ó ti kàwé títí ó fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Mi ò bínú sí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

4 Oṣù Kọkànlá, Ajé

Mo lọ wo pákó ní Ìkòtún. Àfàrà wà, ọ̀mọ̀ wà, mahogany wà. Ẹ̀rọ ti la gbogbo rẹ̀ láìwo ibi tí iṣan igi gbà. Èyí tó dára fún ilẹ̀kùn kò dára fún ọrún. Bí iṣan igi bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ bí wọ́n bá fà á. Odidi igi tí a fọwọ́ là ni mo nílò. Ẹni tó ń ta pákó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ọrún kẹ̀? Àlàájì, ta lẹ fẹ́ bá jagun?"

6 Oṣù Kọkànlá, Ọjọ́rú

Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Abdulganiyy ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò ìyá mi ni. Òun ni ó ń gbẹ́ ọrún fún àwọn ọdẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń bá a gbá èérún igi. Etí rẹ̀ ti wúwo, kò ṣe é pè lórí fóònù. Nígbà tí mo pè é kẹ́yìn, mo kí i kú ọdún, ó ní òjò ò tíì rọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń bá a ka ọ̀rọ̀ tí ó sì ń bá a tẹ èsì.

Èsì dé lálẹ́: igi tí òun ń lò kò sí ní Èkó. Kí n wá igi líle tí kò ní kókó, tí ó tó ìwọ̀n itan èèyàn, tí ó gùn ju ènìyàn lọ.

10 Oṣù Kọkànlá, Àìkú

Mo lọ wọn ẹnu ọ̀nà ní ilé tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ń kọ́ ní Ayọ̀bọ̀. Ọ̀nà ò dára, ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ti gé igi ọsàn kan lulẹ̀ níbẹ̀ nítorí kòtò ilé ìgbẹ́. Ara igi náà gún ju bí igi ọsàn ṣe máa ń gún lọ, ó sì ga jù mí lọ díẹ̀ kí ó tó ya ẹ̀ka.

Gbogbo ọmọ Èkó ló mọ̀ pé gúáfà ni igi tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Mi ò gbọ́ ẹni tó fi ọsàn ṣe ọrún rí. Ṣùgbọ́n mo tẹ ẹ̀ka rẹ̀ kan, ó tẹ̀, ó tún gún padà, kò dún.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún ní, "Ẹ máa gbé e lọ jàre, ọsàn yẹn kan ju ọtí kíkan lọ. Ilẹ̀kùn mi ṣá ni kẹ́ ẹ bá mi rántí."

Mo ní kí oṣù yìí tó parí ni. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

11 Oṣù Kọkànlá, Ajé

Mo fi wẹ́jì àti òòlù la igi náà sí méjì. Ìlàjì kan gún gbọnrangandan. Èkejì wọ́ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Àwọ̀ inú rẹ̀ dàbí gàrí tí wọ́n da epo díẹ̀ sí. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àmínát gbọ́ òórùn lọ́wọ́ mi, ó ní ta ni mo bá jẹ ọsàn tí mi ò mú ọ̀kan wálé.

13 Oṣù Kọkànlá, Ọjọ́rú

Èsì Bàbá. Mo dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí fóònù: "E ku ise. Igi naa dara. Ma so o losan ki o to gbe. Fi oda kun enu re mejeeji."

Ó yé mi. Mo fi ọ̀dà kun ẹnu ìlàjì méjèèjì. Mo wá so èyí tó gún kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ti máa ń bọ́ sí láti aago méjìlá títí di mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni màá máa ṣe. Èyí tó wọ́, mo tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

25 Oṣù Kọkànlá, Ajé

Ìyáàfin Lucy ti Gowon Estate wá nítorí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni mo dá fún un. Ó wo igi tí ó rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù mi nìyẹn?"

Mo ní rárá, Sátidé ni tirẹ̀ máa jáde.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ẹ kọ ọdún tí Sátidé yẹn wà mọ́ ọn."

8 Oṣù Kejìlá, Àìkú

Mo gbé igi náà sórí ìwọ̀n tí Ìyá Àmínát fi ń ta ìrẹsì. Ó ti fúyẹ́ gan-an. Mo fi ìka kàn án, ó dún kóó. Inú mi dùn sí bí ó ṣe yára gbẹ.

21 Oṣù Kejìlá, Sátidé

Igi náà là.

Ojú mẹ́ta ni ó ti là. Èyí tó gùn jù jẹ́ ínǹṣì mẹ́tàdínlógún, mo wọ̀n ọ́n. Owó ẹyọ máa wọ inú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi gbẹ́ ọrún mọ́. Bóyá ó ṣì lè ṣe ọwọ́ òòlù.

Àmínát ń ti pápá ìtafà bọ̀ nígbà tí mo ṣì dúró tì í. Ó fi èékánná tọ ojú lílà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Dádì," ó bá tirẹ̀ lọ. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí ó bú mi. Ó dùn mí wọ egungun.

23 Oṣù Kejìlá, Ajé

Mo wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà kí ilẹ̀ tó mọ́, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo gbé igi tí ó là dání. Bàbá Abdulganiyy gbà á, ó yí i po, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ní kí o sá a sóòrùn?"

Mo ní òun ni. Kò gbọ́. Mo pariwo, "Ẹ̀yin ni, Bàbá! Ẹ ní máa so ó lọ́sàn-án kí o tó gbẹ́ ẹ!"

Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mú fóònù jáde, ó kà á sókè bí wọ́n ṣe ní kí òun tẹ̀ ẹ́: "Má so ó lọ́sán kí ó tó gbẹ."

Ọsán. Okùn ọrún. Pé kí n má fi okùn sí i kí igi náà tó gbẹ. Èmi ka "má" sí "máa", mo ka okùn sí ọ̀sán gangan, mo ka gbígbẹ sí gbígbẹ́. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sí ibi tí mo ti yege.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "O gbé ọsàn lọ sá sí ọ̀sán nítorí ọsán," ó ní. "Ìwọ tí wọ́n rán lọ síléèwé. Ìwọ náà ńkọ́," ó kọjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, "kí ló dé tí o ò fi àmì sí i?"

"Bàbá, fóònù mi ò lámì."

"Kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà?"

"Ó ní tọ́ọ̀ṣì."

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Bàbá bi mí níbo ni ìlàjì kejì wà. Mo ní abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní kí ló dé tí mi ò sá ìyẹn náà. Mo ní kò wù mí, ó wọ́. Ó ní, "Dúpẹ́ pé kò wù ẹ́."

Ohun tí ó sọ fún mi nìyí. Kí n gbẹ́ ẹ rí bí ọrún báyìí, kí ó tinrín, kí ó lè yára gbẹ. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí a ti bó èèpo kúrò, kí n má fi irin kàn án rárá. Kí n má gbìyànjú láti gún un. Bí ó bá wọ́, kí n wọ́ tẹ̀lé e, nítorí ẹni tó bá fi ipá gún un, iṣan rẹ̀ ló gé. Inú yàrá tí èèyàn ń sùn ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí, kí n má gbé e síta. Bí mo bá sì fi okùn sí i, kí n fà á díẹ̀ nígbà ọgbọ̀n kí n tó tún fá a. Ó ní, "Títẹ̀ ni igi ń kọ́. Kì í mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan."

28 Oṣù Kejìlá, Sátidé

Mo fa ìlàjì tó wọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò là. Èérún igi ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi àdá gbẹ́ ẹ títí ó fi ní ibi ìdìmú àti apá méjì. Mo gbé e wọ yàrá, mo fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Àmínát wò ó, ó wò mí. "Bàbá Àmínát, ṣé ó máa bá wa sùn ni?"

Mo ní títí di òpin oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí n sọ fún un kí ó má hanrun.

1 Oṣù Kìíní 2025, Ọjọ́rú

Ọyẹ́ pọ̀. Ètè mi là, igi ò là.

14 Oṣù Kìíní, Ìṣẹ́gun

Mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún tán, ọjọ́ márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá. Kò bá mi jà. Ó ní òun ti fi oṣù méjì kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo yá. Mo rò ó títí mo fi délé. Àwọn èèyàn ti ń ṣírò irọ́ mi mọ́ iṣẹ́ mi.

27 Oṣù Kìíní, Ajé

Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí igi náà ò fúyẹ́ sí i lórí ìwọ̀n. Ó ti gbẹ. Mo lọ ra òwú líle lọ́dọ̀ àwọn oníbàtà, mo lọ́ ọ pọ̀ di ọsán. Mo kan pákó ìdúró kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọrún lé e, mo ń fi okùn fà á láti ìsàlẹ̀ kí n lè máa wo bí ó ṣe ń tẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ dáadáa. Apá òkè le bí ọ̀gá iléèwé. Ìgò fífọ́ ni mo fi ń fá a, ìfági máa jẹ ẹ́ jù. Mo fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fà á nígbà ọgbọ̀n. Mo fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fà á nígbà ọgbọ̀n.

5 Oṣù Kejì, Ọjọ́rú

Mo rí ojú ẹ̀ka kékeré kan lápá òkè, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ká ní àga ni, màá fi gọ́ọ̀mù àti èérún igi dí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ó nípọn díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Kọ́bọ́ọ̀dù Ìyáàfin Lucy jáde lónìí.

9 Oṣù Kejì, Àìkú

Mo ti fá apá ìsàlẹ̀ jù. Ìgò náà mú ju bí mo ṣe rò lọ, mo sì ń gbọ́ rédíò lọ́wọ́. Apá òkè ni mo wá ń fá báyìí kí wọ́n lè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń fá a ni agbára ọrún ń lọ sílẹ̀. Henry, kóòṣì Àmínát, wá fi ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ọkọ̀ òfuurufú wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Daddy Àmínát, e don do. Ẹ má fá a mọ́. Bẹ́ ẹ bá fá a mọ́, orógùn lẹ máa gbé fún wa."

Mo gbé ìgò sílẹ̀.

13 Oṣù Kejì, Àlàmísì

Mo gbé ọrún náà lọ bá Àmínát ní pápá. Mi ò dá ọjọ́ kankan fún un, mo kàn gbé e dé ni. Ó yí i po, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ó wọ́ o, Dádì."

"Bí igi ṣe wá nìyẹn."

Ó fi ọsán sí i fúnra rẹ̀, ó fà á díẹ̀díẹ̀, ó tún fà á. Ọfà àkọ́kọ́ fò kọjá orí fóòmù tí wọ́n ń ta ọfà sí, ó lọ bá ògiri. Ìkejì kan ìsàlẹ̀ fóòmù. Nígbà tí ó fi máa ta ogún, mẹ́jọ ti wà láàárín. Ó ní, "Kì í pariwo. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn máa ń dún létí mi." Ó dì í mọ́ra nígbà tí ó ń lọ mu omi, kò fi í sílẹ̀.

18 Oṣù Kejì, Ìṣẹ́gun

Oòrùn mú gan-an. Ọrún náà ń ju ọfà sí òsì díẹ̀ nítorí wíwọ́ rẹ̀. Henry ní ó máa mọ́ Àmínát lára, ṣùgbọ́n oṣù kan ni èèyàn máa ń fi mọ ọrún tuntun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó ní. Mo ka ọjọ́ tí igi àkọ́kọ́ fi rọ̀ sóòrùn: ọjọ́ méjìdínlógójì. Ìwọ̀nyẹn ni ó yẹ kí ó fi máa ta ọfà. Àmínát ò sọ ọ́, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

22 Oṣù Kejì, Sátidé

Àwọn mẹ́rìnlá ni wọ́n wá, mẹ́rin ni wọ́n máa mú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń yẹ ọrún wò fi èékánná họ ti Àmínát, wọ́n wá gọ́ọ̀mù, wọn ò rí i. Ọ̀kan nínú wọn béèrè igi tó jẹ́. Àmínát ní ọsàn. Ọkùnrin náà ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó dá òun lóhùn dáadáa.

Wọ́n ní kí oníkálukú fa ọrún rẹ̀ dé òpin, kí ó dì í mú kí àwọn ka ení dé ẹẹ́wàá. Mo kà á pẹ̀lú wọn. Ní ẹẹ́fà, ọrún ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Promise dún pàá, ó ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ, pákó ọjà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ti Àmínát ò dún.

Ọfà mẹ́rìndínlógójì. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ṣe ìkẹta títí di ìdajì. Lẹ́yìn náà, oòrùn mú, apá rẹ̀ rẹ̀, ó gbàgbé òsì náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìkarùn-ún ni ó ṣe. Àmì méjì ni ẹni kẹrin fi jù ú lọ.

A wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìpájà. Nígbà tí a gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, ó ní, "Ká ní mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i."

Mo ní, "Èmi ni mo jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn. Má bínú, Àmínát."

Àwọn tó ń tajà ń tì wá síwájú, a ò lè dúró. Ó fi ọwọ́ kan mú apá aṣọ mi títí a fi sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí èrò ni.

24 Oṣù Kejì, Ajé

Ó kù díẹ̀ kí n ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Àmínát wọlé, fóònù wà létí rẹ̀. Ó ń bá Promise sọ̀rọ̀, ọmọ tí ọrún rẹ̀ ṣẹ́. Mo ń ká wáyà, mo ń gbọ́ apá tirẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ... Káfíńtà ni wọ́n... Mo mọ̀, mo mọ̀ bí káfíńtà ṣe máa ń ṣe." Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ti jáwọ́."

Ó gbé fóònù kúrò létí. "Dádì, Promise fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun ṣe ọrún. Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún un?"

Sátidé ti dé ẹnu mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ́, ahọ́n mi ò nílò mi mọ́ kí ó tó sọ ọ́. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Oṣù mẹ́rin. Mi ò tíì rí igi, bí mo bá sì rí i, ó gbọ́dọ̀ gbẹ."

Ó wò mí pẹ́. Ó gbé fóònù padà sétí. "Wọ́n ní oṣù mẹ́rin," ó ní. "Fọkàn balẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́rin náà ni."

Ó dágbére, ó jáde. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà díẹ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.